Orúkọ Tí Gbèsè Bà Jẹ́ Ṣeé Tún Ṣe

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Láyé àwọn baba wa, igi tí òwe yìí ń sọ kì í ju àdúgbò ẹni lọ. Ajẹgbèsè-má-san lè dìde ní Ìsẹ́yìn kí ó kó lọ sí Òǹdó, kí ó sì rí ẹni yá a lówó níbẹ̀. Lóde òní, igi náà ń tẹ̀lé onígbèsè dé ibikíbi tí ó bá lọ.

Láti ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí fún olúkúlùkù ẹni tí ó ní owó ní báńkì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí a mọ̀ sí BVN. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó jẹ́ adelé Ààrẹ nígbà náà, bu ọwọ́ lu òfin tí ó fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè múlẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 sì ni báńkì tí ó yáni lówó ti lè gba owó rẹ̀ àti èlé orí rẹ̀ láti inú owó tí onígbèsè ní sí báńkì mìíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé òun lè sá kúrò ní báńkì kan bọ́ sí òmíràn, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ ni ó jẹ́ ẹlẹ́tàn. Láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kò gba owó oṣù wọn pé. Owó oṣù dínkù, ṣùgbọ́n gbèsè kò dínkù, èlé kò sì sùn. Ẹni tí ó ti gbójú lé owó oṣù rẹ̀ kí ó tó yá owó, kí ni kí ó ṣe? Ìwé àkọsílẹ̀ kò mọ ìdí; iye owó àti ọjọ́ nìkan ni ó mọ̀. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Àtúnṣe náà kò ní idán nínú. Èkínní, kí onígbèsè béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀. Òfin ọdún 2017 fún un ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, àti láti tako ohunkóhun tí kò bá tọ̀nà nínú rẹ̀. Gbèsè tí a ti san tán lè wà níbẹ̀ bí ẹni pé a kò san kọ́bọ̀. Èkejì, kí ó tọ báńkì lọ kí báńkì tó wá a wá, kí wọ́n jọ ṣe àdéhùn tuntun tí agbára rẹ̀ ká, kí àdéhùn náà sì wà ní kíkọ. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ó bá san tán, kí ó gba ìwé ẹ̀rí pé òun kò jẹ gbèsè mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fetí sí àwọn tí ń sọ pé bí a bá fún àwọn lówó, àwọn yóò pa orúkọ ẹni rẹ́ kúrò nínú ìwé onígbèsè. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ó ku ọ̀rọ̀ káàdì àwìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti káàdì tí a fi ń gba owó ara ẹni lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì. Owó báńkì ni ti káàdì àwìn. Gbèsè ni láti ọjọ́ tí a bá ti ná an. Fún ẹni tí ń tún orúkọ rẹ̀ ṣe, èyí tí ó yẹ ni irú èyí tí àwọn báńkì kan ń fúnni lẹ́yìn tí a bá ti fi owó tiwa sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ṣe ìdúró. Kí ó fi ra kìkì ohun tí ì bá fi owó oṣù rẹ̀ rà, kí ó sì san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Kí ó béèrè èlé kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé. Bí wọ́n bá ní náírà 3 lórí 100 lóṣù, kí ó má ṣe pè é ní kékeré: náírà 36 ni lọ́dún, kí a tó ka èlé orí èlé. Ẹni tí kò bá lè san án tán lóṣooṣù, kí ó jọ̀wọ́ káàdì, kí ó kọ́kọ́ máa fi owó pamọ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ wa kò parí sọ́dọ̀ onígbèsè. Ẹ̀yin báńkì, bí ẹ ti ń yára kọ orúkọ ẹni tí ó kùnà sílẹ̀, ẹ yára tún un kọ nígbà tí ó bá san. Ẹ kọ àdéhùn yín ní èdè tí ẹni tí ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ gbọ́. Ẹ̀yin ìjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí ẹ bá ti wá, owó oṣù tí ẹ kò san lásìkò ń sọ olóòótọ́ di ẹni ẹ̀tẹ́. A rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo kí wọ́n bi àwọn tí wọ́n ń wá ìbò fún léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìṣirò èlé kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó dàgbà di agbowó-oṣù.

Igi tí a bẹ́ dínà ṣeé gé kúrò. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn mú àáké láti oṣù yìí.