Ta Ló Ní Kí Ẹ Gé Ọ̀pá Yẹn?

Àwọn kan wà ní àdúgbò wa ní Ìdí Arẹrẹ tí wọ́n ti sọ ara wọn di ọ̀gá nídìí hẹlikópítà ìṣeré. Bí ọmọdé bá ti gbé tirẹ̀ jáde, wọ́n á ní: “Gé ọ̀pá orí ẹ̀ yẹn. Ó ti gùn jù, òun ni ò jẹ́ kó yára.” Ọ̀pá tín-ín-rín tó dábùú òkè abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bá wí, flybar, èyí tí ìwúwo kékeré wà ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Mo mọ̀, nítorí mo gé tèmi.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn: ọ̀pá kúkúrú a máa jẹ́ kó tètè jẹ́ ìpè. Ṣùgbọ́n ta ni ń pè é? Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n lórí rìmóòtù! Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n fò dáadáa lè gé tirẹ̀, n kò bá a jà.

Ẹ wo ẹni tó ru pákó gígùn gba Ọjà'ba kọjá. Bí ó bá fẹ́ yà, pákó náà kì í tètè bá a yà. Gé pákó sí méjì, kíá ló máa yí. Bẹ́ẹ̀ ni flybar rí. Ká tilẹ̀ sọ pé ẹ gé e sí ìdajì, tí ẹ sì lẹ ìwúwo rẹ̀ padà, agbára tó fi ń dúró lójú kan kò ní kù sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kù. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, ó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Arthur Young, ará Amẹ́ríkà, fi ọdún tó lé ní mẹ́wàá dán hẹlikópítà kéékèèké wò kí ó tó dé ilé-iṣẹ́ Bell ní 1941. Irú ọ̀pá yìí ló mú kí tirẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ lókè. Bell 47, tó gba ìwé àṣẹ ní 1946, gbé e lórí. Ohun tí ọkùnrin yẹn fi sùúrù wá rí lẹ fẹ́ fi píláyà gé sọnù?

Wọ́n á ní àwọn tuntun kò ní ọ̀pá mọ́. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bó bá ti fẹ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀pá nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ gé e, kí lẹ fi rọ́pò?

Tèmi fò kọjá òrùlé ilé kejì, ó lọ há sára wáyà iná. Owó èlùbọ́ ni ìyá mi yọ rà á. Wọn kò tilẹ̀ bínú. Wọ́n kàn bi mí pé ta ló ní kí n gé e. Ẹni náà ti wà lọ́dọ̀ ọmọ mìíràn nígbà yẹn, píláyà lọ́wọ́.