Owó là ń wò, àbí èémí ọmọ wa?

Béèyàn bá fẹ́ ra mọ́tò, kí ló máa ń kọ́kọ́ béèrè? "Eélòó ni?" Lẹ́yìn ìyẹn, "Ṣé kì í mu epo jù?" Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́nì kan tó béèrè irú èéfín tó ń tú jáde. Bẹ́ẹ̀, èéfín yìí là ń fà símú lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlú London, níbi táwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ní ọdún 2013, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan tó ní ikọ́ fée kú níbẹ̀. Ìtòsí títì ńlá ni ilé wọn wà. Ní 2020, adájọ́ tó wádìí ikú náà sọ pé afẹ́fẹ́ tó bà jẹ́ wà lára ohun tó pa á, èéfín mọ́tò ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Láti 2019 ni ìlú náà ti ní òfin pé ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ yóò san pọ́n-ùn 12.50 lọ́jọ́ tó bá rìn. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2023, òfin náà kárí gbogbo London. Àwọn èèyàn pariwo gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jáde fún 20 ọjọ́ lóṣù, pọ́n-ùn 250 ló máa san. Ẹni tó ṣírò ẹ̀ dáadáa yáa pààrọ̀ mọ́tò ẹ̀. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo lọ ní oṣù karùn-ún, 2023, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mọ́tò wọn di ti gáàsì CNG. Àpò ni wọ́n rò, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Kò burú, nítorí èéfín rẹ̀ náà dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: CNG kì í ṣe gáàsì ìdáná, ẹ má sì gbà kí wọ́n fi sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀ sínú mọ́tò yín. Ó lè bú gbàmù.

Tí kò bá sówó láti pààrọ̀ mọ́tò ńkọ́? Ẹ máa tún èyí tẹ́ ẹ ní ṣe lásìkò. Bí sàléńsà bá ń tú èéfín dúdú, epo kò jóná dáadáa ni. Bó bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì bẹ́ ẹ bá ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ẹ má sì ṣe tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì tó pa dé láéláé, torí ohun tó wà nínú èéfín yẹn kì í rùn, ó sì ń pani.

Nígbà míì tẹ́ ẹ bá lọ wo mọ́tò, ẹ ní kí wọ́n tan án, kẹ́ ẹ lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń wúkọ́, ẹ rántí pé ọmọ-ọmọ yín ló máa fà á símú. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.