Àlejò àti Onílé

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa ń béèrè pé, nígbà tí eré ọmọdé bá tú ká, níbo ni àgbàlagbà yóò ti rí ọ̀rẹ́ mìíràn?

Ẹ wo Ọ̀jọ́, ìlú àwọn Àwórì. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà níbẹ̀; ọjà Alábà ń pe oníṣòwò; àwọn ológun ojú omi sì ní ibùgbé wọn ní Navy Town. Láti Ìbà dé Òkokomáikò, àlejò kún ilé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó fi ògiri kan ṣoṣo pààlà tí wọn kò mọ orúkọ ara wọn. Bí iná bá sọ lóru, ta ni wọn yóò ké sí?

Lójú tiwa, ìdí iṣẹ́ ni a ti ń mọ ọ̀rẹ́, kì í ṣe ìdí àsè. Àwọn baba wa tí ń ṣe àáró, tí ń dá èsúsú, mọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá ọ kọ ebè, tí kò sì jẹ owó àjọ, ìwọ ti mọ ìwà rẹ̀. Lónìí, ìpàdé àdúgbò ni àáró wa. Níbi tí a ti ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà, tí a sì ń dáwó tún ọ̀nà ṣe, níbẹ̀ ni àlejò ti ń di ará ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè àti onílé, ẹ má ṣe fi ìpàdé náà ṣe ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ẹ fi iṣẹ́ lé ayálégbé lọ́wọ́. Ẹ̀yin àlejò, ẹ má ṣe fi owó ìtanràn rọ́pò ara yín. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.