Ẹ Kọ́ Ilé Kékeré Kí Ẹ Tó Kọ́ Ilé Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí lè pa yín lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ilé ọmọlángidi ni. Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí: "Àgbà bí èmi, kí ni mo fẹ́ fi ilé ọmọlángidi ṣe?" Ẹ ní sùúrù, kí ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀. Èrò tèmi ni pé, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé, ó yẹ kí ó fi páálí kọ́ ọ ní kékeré ná, kí ó tó ra àpò símẹ́ǹtì kan ṣoṣo. Kí ó sì jẹ́ kí aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ bá a kọ́ ọ.

Gbogbo wa la mọ ọmọlángidi. Ọmọbìnrin kékeré a gbé e pọ̀n, a fi àgékù aṣọ dì í mọ́ ẹ̀yìn, a máa rẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ó ń sunkún. Ní tiwa, ẹ̀yìn ọmọ ni ilé ọmọlángidi. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n tún kọ́ ilé fún un. Ilé náà kéré, a lè gbé e lé orí tábìlì. Kò ní ògiri iwájú, tàbí kí ògiri iwájú rẹ̀ máa ṣí bí ìlẹ̀kùn, kí ọmọ lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Yàrá wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, àga, bẹ́ẹ̀dì, àwo àti ìkòkò wà níbẹ̀.

Nǹkan yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1558, ìjòyè ńlá kan ní ilẹ̀ Jámánì, Albrecht Karùn-ún, olórí Bavaria, ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé rárá. Ọlà rẹ̀ ló fi ń han àlejò. Lẹ́yìn náà, ní ìlú Nuremberg, ní Jámánì kan náà, wọ́n ń fi ilé ọmọlángidi kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí a ṣe ń ṣètò ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàrin 1921 àti 1924, wọ́n kọ́ ọ̀kan fún Ayaba Mary. Edwin Lutyens, ẹni tó ń ya àwòrán ilé gidi, ló ya àwòrán rẹ̀. Iná mànàmáná ń tàn nínú rẹ̀, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, àwọn òǹkọ̀wé sì kọ ìwé kéékèèké sínú yàrá ìkàwé rẹ̀. Ó wà ní ààfin Windsor títí di òní.

Ọlà yẹn kọ́ ni mo ń sọ. Ìwọ̀n ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Nínú ilé Ayaba Mary, ohun gbogbo ni wọ́n dín kù ní ìwọ̀n kan náà: 1 dúró fún 12. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ẹsẹ̀ bàtà wọn nǹkan nígbà náà, íǹṣì 12 ló sì wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan. Nítorí náà, ohun tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, wọ́n ṣe é ní íǹṣì 1. Wọn kò fi ojú díwọ̀n. Bí wọ́n bá fi ojú díwọ̀n ni, àga ìbá ga ju ìlẹ̀kùn lọ.

Lónìí, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ káfíńtà náà lè kọ́ ilé ọmọlángidi. Wọ́n ń ta á nínú páálí, a kò tíì to ó. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ẹ̀rọ ti gé gbogbo rẹ̀ tán: ògiri, àjà, àtẹ̀gùn, fèrèsé. Wọ́n kọ lẹ́tà tàbí nọ́ńbà sí ara igi kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ pé kí a fi A mọ́ B, kí C tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbọ́n kì í tètè mú gọ́ọ̀mù. Yóò kọ́kọ́ ka igi náà, kí ó mọ̀ bóyá ó pé. Yóò to ó láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ó rí i bóyá ẹnu rẹ̀ bá ara mu. Yóò kun inú yàrá ní ọ̀dà nígbà tí ògiri ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé bí ilé bá dúró tán, ọwọ́ kò ní dé igun. Ìgbà náà ni yóò tó lẹ̀ ẹ́. Yóò sì dúró kí èyí tó lẹ̀ gbẹ.

Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ ìwé kíkà ni. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B yóò gbé òrùlé sí ìsàlẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra èyí tó ti ìlú òyìnbó wá. Owó rẹ̀ kò kéré, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Níbí ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, kí ni a kò ní? Páálí ọṣẹ àti páálí tòmátì inú agolo wà ní ọjà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń dà á nù. Ọ̀pá ògùrọ̀ wà ní àbàtà. Ó fúyẹ́, ọ̀bẹ kékeré ń gé e, igi ọwọ̀ sì ni ìṣó rẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n lò tipẹ́. Wọ́n ń fi ṣe ọkọ̀, wọ́n ń fi ṣe ilé. A sì ń gbá a dànù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyẹn kò dára lójú tèmi.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìwọ̀n tiwa kalẹ̀. Mítà la ń lò, nítorí náà 12 àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò dà wá láàmú. Ẹ jẹ́ kí 1 dúró fún 20. Mítà 1 di sàǹtímítà 5. Kò sí ìṣirò tó le nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 di sàǹtímítà 10. Ìlẹ̀kùn tó fẹ̀ ní sàǹtímítà 80 di sàǹtímítà 4. Ògiri tó ga ní mítà 2 àti 80 di sàǹtímítà 14. Bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 1 àti 90, tó sì fẹ̀ ní mítà 1 àti 40, di sàǹtímítà 9 àti ààbọ̀ ní gígùn, 7 ní fífẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wa. Ọkùnrin kan yóò tọ́jú owó fún ọdún mẹ́fà, ọdún méje. Yóò fi igi fa ilà sí ilẹ̀ fún mọlémọlé: "Yàrá nìyí, ẹnu ọ̀nà nìyí." Ó sọ pé kí yàrá jẹ́ mítà 2 láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, kí ó fẹ̀ ní mítà 2 àti ààbọ̀, kí ẹnu ọ̀nà wà ní àárín gbùngbùn ògiri, nítorí pé ó dára lójú bẹ́ẹ̀. Mọlémọlé kò bi í léèrè. Ilé parí. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn yàrá, ìlẹ̀kùn kò ṣí tán. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òsì, bákan náà ni. Wọ́n fọ́ ògiri, wọ́n gbé ẹnu ọ̀nà kúrò. Bíríkì ṣòfò, símẹ́ǹtì ṣòfò, owó mọlémọlé di ìlọ́po méjì.

Ẹ fi páálí ṣe yàrá yẹn. Ẹ gé ilẹ̀ rẹ̀ ní sàǹtímítà 10 sí 12 àti ààbọ̀. Ẹ gé páálí mìíràn ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá gbé bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀yìn, àyè tó kù níwájú rẹ̀ jẹ́ sàǹtímítà 3, ìlẹ̀kùn sì ń fẹ́ 4. Ẹ wá gbé ẹnu ọ̀nà lọ sí igun, kí bẹ́ẹ̀dì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àyè tó kù di 5 àti ààbọ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ohun tí a ná kò ju páálí ọṣẹ kan lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná tún wà níbẹ̀, èyí sì ń dùn mí ju ti bẹ́ẹ̀dì lọ. Àwọn obìnrin ló ń dáná, ṣùgbọ́n a kì í bi wọ́n léèrè ibi tí ilé ìdáná yóò wà. Nínú kíláàsì wa, nígbà tí a gbé ilé páálí kan kalẹ̀, àwọn ọkùnrin ń jiyàn lórí ibi tí pálọ̀ yóò kọjú sí. Ìyá àgbà kan fi ìka tọ́ ilé ìdáná. Ó ní: "Èéfín ibí yìí, inú yàrá àwọn ọmọ ló ń lọ." Òótọ́ ló sọ. Ní ìhà tiwa, láti ọ̀dọ̀ òkun ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ jù lọ, láti àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni ó ń yí padà, tó ń ti òkè wá. Bí ilé ìdáná bá wà níhà òkun, tí yàrá wà lẹ́yìn rẹ̀, èéfín yóò máa wọ yàrá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù inú ọdún. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ́ ilé páálí yín tán, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé sí gan-an, kí iwájú rẹ̀ kọjú síbi tí ilé gidi yóò kọjú sí. Kí ẹ wá pe àwọn obìnrin ilé. Kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́.

Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ obìnrin ni. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọmọdé ni. Ẹ wo Bodys Isek Kingelez, ọmọ ilẹ̀ Kóńgò, tí wọ́n bí ní 1948. Páálí àti bébà aláwọ̀ mèremère ló ń fi kọ́ ilé kéékèèké ní Kinshasa, àní ó ń kọ́ odidi ìlú. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àfihàn ńlá ní Paris ní 1989. Ó kú ní 2015. Ní 2018, wọ́n kó àwọn ilé páálí rẹ̀ jọ ní mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan ní New York, àwọn ènìyàn sì ń wá wò ó. Ọkùnrin ni, àgbàlagbà sì ni.

Àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù nǹkan mìíràn, n kò sì bú wọn. Níbí, bí a bá rí ilé kékeré lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí a kọ́kọ́ ń rò ni pé ti Lẹ́gbà ni. Ẹ gbé tiyín sínú ilé, lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tí yóò bu epo sí i.

Ní ti ọ̀ṣọ́, ẹ fi í lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Wọn yóò ṣe é ju wa lọ. Àgékù àǹkárá láti ọ̀dọ̀ télọ̀ di aṣọ fèrèsé. Páálí ìṣáná di àpótí aṣọ, ìdérí ìgò di àwo. Ẹ bó awẹ́ òde páálí tó nípọn, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ wé bí páànù gẹ́lẹ́. Ìyẹn ni kí ẹ fi ṣe òrùlé. Ẹ má lẹ òrùlé náà mọ́ ilé o, kí ẹ lè máa ṣí i wo inú. Bí ẹ bá fẹ́ àwòkọ́ ọ̀dà, ẹ lọ sí Àjàṣẹ́, kí ẹ wo àwọn ilé Àgùdà, ti àwọn tí bàbá ńlá wọn padà bọ̀ láti Brazil: fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, ògiri aláwọ̀ pupa rúsúrúsú àti aláwọ̀ òféèfé. Páálí kì í fẹ́ omi púpọ̀, yóò wú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà ki díẹ̀, kí ẹ sì kun ojú méjèèjì. Bí ẹ bá kun ojú kan ṣoṣo, ògiri yóò tẹ̀.

Gọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Ẹ̀kọ láfún tó ki, tó ṣì gbóná díẹ̀, ń lẹ páálí dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé eku fẹ́ràn rẹ̀. Ilé yín lè sùn láàárọ̀ láìní ògiri ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní owó gọ́ọ̀mù, kí ó rà á.

Kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà sí ara páálí tó bá gé, kó tó lẹ̀ ẹ́: A fún ògiri iwájú, B fún ògiri ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i ní nọ́ńbà. Ní kíláàsì tó ń bọ̀, ẹ mú páálí kan wá, àti rúlà, pẹ́ńsùlù, àti igi ọwọ̀ tó gbẹ. Abẹ tàbí ọ̀bẹ, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ àgbà, kí ẹ fi nǹkan wé e kí ẹ tó gbé e jáde nílé. Ẹni tó bá ti ní ilẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́lé sí, kí ó wọn ilẹ̀ náà kí ó tó wá, kí ó kọ iye mítà rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tirẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ ṣe.