Oko Kọfí Agége àti Ìgbì Òkun Tarkwa

Ẹ̀yin Ọba, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ka ìwé oṣooṣù yìí, ọ̀ràn kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ó ti di àṣà láàárín àwọn ọmọ wa tí Ọlọ́run bùn ní owó díẹ̀, pé bí àkókò ìsinmi bá dé, wọn a wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ilẹ̀ olóoru mìíràn, bí i Costa Rica tàbí Bali. Wọn a san owó fún ẹni tí yóò mú wọn la oko kọfí já ní òwúrọ̀, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọn a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun láti kọ́ bí a ti ń dúró lórí pákó kí ìgbì máa gbé ni lọ. Èmi kò bá wọn wí. Ìrìn àjò a máa la ènìyàn lójú, owó ara wọn ni wọ́n sì ń ná. Ohun tí ó dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n bá padà dé, wọn a máa ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run kò dá irú rẹ̀ sí ilẹ̀ tiwa rárá. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ tí a bí sí Muṣin, ìlú tí ó wà ní agbede méjì oko kọfí àtijọ́ àti ìgbì òkun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àsọdùn ni mo ń sọ. Ẹni tí ó bá dúró ní ọjà Ojúwọyè, tí ó kọjú sí àríwá, tí ó sì ń bá òpópónà Agége lọ, yóò la Oṣòdì àti Ìkejà kọjá, yóò sì dé ilẹ̀ tí àwọn baba wa ti gbin kọfí àti kòkó ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá yí padà sí gúúsù, Yábàá ni yóò kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà Ẹ̀búté Mẹ́ta, yóò gba orí afárá dé Erékùṣù Èkó, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé e láti etí Marina dé Tarkwa Bay kí oúnjẹ òwúrọ̀ rẹ̀ tó dà nínú. Àwọn àgbà a máa sọ pé láti ara èso iṣin ni orúkọ Muṣin fúnra rẹ̀ ti jáde. Ẹ wo bí igi iṣin ti ṣọ̀wọ́n tó níbẹ̀ lónìí, kí ẹ fi mọ bí ìlú ti ń gbàgbé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí kọfí bẹ̀rẹ̀. Ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney ń ṣe Gómìnà Èkó, ìjọba dá ọgbà ọ̀gbìn kan sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń hu irúgbìn kòkó àti kọfí àti àwọn igi mìíràn, tí wọ́n sì ń pín in fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó jí sí ọ̀ràn náà, ọmọ tiwa kan ti wà lẹ́nu rẹ̀. James Pinson Labulo Davies ni orúkọ rẹ̀, ọ̀gákọ̀ ni, oníṣòwò ńlá sì ni. Nígbà tí òwò rẹ̀ wó lulẹ̀ láàárín 1870 sí 1880, kò jókòó kí ó máa ká ọwọ́ lérí; ó lọ sí Ìjàn lẹ́bàá Agége, ó gba irúgbìn kòkó láti Fernando Po, ó sì bẹ̀rẹ̀ oko. Ìyàwó rẹ̀ ni Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí àwọn ará Dàhómì kó lẹ́rú, tí ọ̀gákọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan gbà lọ́wọ́ ọba Dàhómì, tí Queen Victoria sì wá di ìyá ìsàmì fún. Ó kú ní Madeira ní 1880, ọkọ rẹ̀ sì gbé ọwọ̀n òkúta kalẹ̀ ní Ìjàn ní ìrántí rẹ̀. Mélòó nínú àwa tí a ń kọjá lójú ọ̀nà Agége ni ó mọ èyí? Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíràn ni, wọn ìbá ti gba owó ìwọlé níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àlejò láti ìgbà tí a ti bí àwọn baba wa.

Kì í ṣe kòkó nìkan ni wọ́n gbìn. Kọfí pẹ̀lú gba ilẹ̀ púpọ̀ ní agbègbè Èkó nígbà náà, obì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, Brazil kó kọfí jáde lọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí owó rẹ̀ fi já wálẹ̀ ní gbogbo ayé, àwọn àgbẹ̀ Agége sì yí ojú wọn sí kòkó àti obì. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ẹni tí ó tún jẹ́ òpó nínú Ìjọ African Church, ni ó ṣe aṣáájú wọn, ní 1907 wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti òkè wá ṣe iṣẹ́ lébìrà nínú oko wọn kò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n di irúgbìn kòkó mọ́ ẹrù wọn. Bí ẹ bá sì ń béèrè ibi tí èyí gbé wa dé, ẹ rántí pé nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955, owó kòkó ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n gbójú lé.

Ilé ni ó kún Agége lónìí, búrẹ́dì sì ni orúkọ rẹ̀ fi ń kàn láàárín àwọn ọmọdé. Èmi kò ní kí a wó ilé ẹnikẹ́ni láti tún kọfí gbìn. Ìsọkúsọ nìyẹn yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí kọfí lórí igi lè lọ sí agbègbè Kabba láàárín àwọn Yorùbá Ọ̀kun, tàbí kí ó lọ sí Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwádìí kòkó ti wà láti 1964, tí iṣẹ́ rẹ̀ kan kòkó, obì, kọfí, kajú àti tíì. Yóò rí òdòdó funfun tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán; yóò rí èso tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀; bí ó bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, hóró méjì yóò yọ jáde tí wọ́n kọjú sí ara wọn bí ìbejì. A ó sá a sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, a ó gún èèpo rẹ̀ kúrò, kò sì ní ní òórùn kọfí kankan títí a ó fi yan án lórí iná. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa tí kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ láìmu kọfí inú agolo tí ó ti òkèèrè wá kò tíì rí igi náà rí. Ní erékùṣù São Tomé, tí kò jìnnà sí wa, wọ́n sọ oko àtijọ́ tí à ń pè ní Monte Café di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé kọfí; àlejò ń ti Yúróòpù wá wò ó. Kí ni São Tomé ní tí a kò ní?

Ó kan ọ̀ràn òkun, níbẹ̀ gan-an ni ọkàn mi sì wà.

Kò yẹ kí a máa rò pé àwọn òyìnbó ni wọ́n mú gígun ìgbì wá bá wa. Lóòótọ́, àwọn ará Hawaii ni ayé fi ṣe olórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, James Alexander, tẹ̀ ní 1837, ó ròyìn bí òun ti rí àwọn ọmọdékùnrin ní Akra tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí ìgbì sì ń gbé wọn gun èbúté. Ìwà àwọn ọmọ etí òkun wa ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1966, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sinimá kan jáde, tí ó fi ọ̀dọ́mọkùnrin méjì hàn bí wọ́n ti ń wá ìgbì kiri ayé, Sẹ̀nẹ̀gà, Gánà àti Èkó wa yìí wà lára ibi tí wọ́n yà sí.

Bí ìgbì Tarkwa ti ṣe rí bẹ́ẹ̀, ìtàn ni. Ní ayé àtijọ́, yanrìn tí ó kún ẹnu ọ̀sà Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Forcados ni wọn í lọ já ẹrù sí, tí ọkọ̀ kéékèèké á fi kó o wá. Nígbà tí ó di nǹkan bí 1908, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí to odi òkúta sínú òkun ní ìhà méjèèjì ẹnu ọ̀sà. Odi náà ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ ńlá, ó sọ omi ẹ̀yìn rẹ̀ di ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì mú kí ìgbì tí ń bọ̀ láti òkun ńlá máa fọ́ ní títọ́ lẹ́bàá òkúta, pàápàá ní ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n ó dá yanrìn tí òkun ń gbé lọ sí ìlà oòrùn dúró sí ìhà kan, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etí Bar Beach ní ìhà kejì. Ohun kan náà ni ó ṣe wá lóore, tí ó sì ṣe wá níbi.

Ní etí omi yìí ni àwọn ènìyàn tẹ̀dó sí, Ègún, Ìlàjẹ, àti àwọn ará ọ̀nà jínjìn. Àwọn ọmọ wọn gun ìgbì lórí pákó tí àlejò fi sílẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n títí tí àwọn fúnra wọn fi di olùkọ́ tí àlejò ń sanwó fún. Kò sí ẹni tí ó pe ìgbìmọ̀ jọ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ ìjọba nínú rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù January ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi dé, wọ́n ní àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀ jí epo nínú ọ̀pá tí ó gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde láìfún wọn ní àkókò tí ó tó láti kó ẹrù wọn. Wọ́n wó ilé. Àwọn ìyá sùn sí etí omi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní olè ni olè í jẹ́, epo sì jẹ́ ti gbogbo ìlú. Òótọ́ ni, kí a mú olè, kí a gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jalè ní Muṣin, ṣé gbogbo Muṣin ni a ó wó? Àwọn mìíràn, tí ohùn wọn rẹlẹ̀ jù, yóò ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: pé bí a bá ti kó àwọn tálákà kúrò, a ó lè kọ́ ilé ìtura ńlá tí àlejò pàtàkì yóò fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bẹ̀rù jù. A ti rí i ní Mároko ní 1990, a sì rí i ní Òtòdò Gbàmẹ̀ ní 2016 àti 2017. Àlejò tí ó la òkun kọjá kì í wá nítorí ilé ìtura, nítorí ó ní i nílé. Nítorí ìgbì ni ó ṣe wá, àti nítorí ọmọ tí ó mọ ìgbì náà bí ẹni mọ ọ̀nà oko baba rẹ̀. Lé ọmọ náà lọ, kí o wò ó bí ohun tí ó kù yóò bá yàtọ̀ sí etí òkun mìíràn ní ayé.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níhìn-ín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lóòótọ́ òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ọwọ́ Gómìnà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ kan tí à ń gbà ní Èkó tí a kò kọ́kọ́ wá ọwọ́ àwọn ìdílé àti àwọn ìjòyè sí i. Bí ìwé bá dé iwájú yín nípa etí òkun tàbí nípa ìyókù oko àtijọ́, ẹ béèrè ibi tí àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ yóò gbà. Ẹ béèrè rẹ̀ ní gbangba, ní ọ̀sán, kí ọwọ́ yín tó kan pẹ́ńsù.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, mo dábàá pé kí a kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìjàn wà lábẹ́ rẹ̀, kí a fi àmì sí ibi tí oko Davies wà, kí a sì tọ́jú ọwọ̀n òkúta ìyàwó rẹ̀. Kí a gba àyè lọ́wọ́ ilé ìwádìí ní Ìdí-Ayùnrẹ́, kí àwọn ọmọ ilé ìwé Muṣin lè lọ rí kọfí lórí igi lẹ́ẹ̀kan lọ́dọọdún, kí àwọn àgbẹ̀ Kabba sì wà lára àwọn tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ti Tarkwa, kí a yan àwọn agbẹjọ́rò inú wa mẹ́ta láti wádìí ipò tí ọ̀ràn àwọn tí a lé wà, kí wọ́n sì jíṣẹ́ fún wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ń gbé ọmọ lọ sí òkèèrè lọ́dún yìí láti kọ́ gígun ìgbì, kí ó kọ́kọ́ mú un wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ó sì san owó ìkọ́ni fún ọmọ Tarkwa.