Ajá Tí Ń Wọ́ Ìdí Nílẹ̀: Ẹ Wo Oúnjẹ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ fi Port Harcourt ṣe ilé, ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé ajá nìkan ni ó ń bá wa ṣọ́ ilé nígbà tí baálé ilé bá lọ sí iṣẹ́ òru, nítorí kò sí ẹbí nítòsí tí a lè ké pè.

Ní Diobu tí mò ń gbé, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan wà ní àgbàlá wa tí ó ní ajá dúdú kan. Ajá náà gbọ́n, kì í sì gbó lásán. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìdí nílẹ̀ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yíjú sẹ́yìn lá ìdí rẹ̀ ṣáá, òórùn kan sì ń jáde lára rẹ̀ bí ti ẹja tí ó ti bàjẹ́. Gbogbo wa ni a sọ pé aràn ni. Ìyá yìí ra oògùn aràn lẹ́ẹ̀kínní, ó tún rà á lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n òórùn náà kò lọ. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u, ó ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò gba ajá náà lọ. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ajá tí kò ní olówó máa ń balẹ̀ sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí ó tó fi ajá náà sílẹ̀, ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó fún ohun kan jáde níbẹ̀, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni ajá yín ń jẹ?” Ìbéèrè yìí ni ó mú mi kọ ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti rí. Gbogbo ajá ni ó ní àpò kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀. Bí a bá fi ojú aago wo ihò ìdí náà, ọ̀kan wà níbi aago mẹ́rin, èkejì wà níbi aago mẹ́jọ. Oje kan wà nínú wọn tí ó ní òórùn líle, òórùn ti ajá kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ìdí nìyí tí ajá méjì fi máa ń gbóòórùn ìdí ara wọn nígbà tí wọ́n bá pàdé: bí wọ́n ti ń kí ara wọn nìyẹn. Nígbà tí ìgbẹ́ tí ó gan díẹ̀ bá ń jáde, ó máa ń tẹ àwọn àpò náà, oje inú wọn a sì tú jáde. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ ajá bá ń rọ̀ bí ògì lójoojúmọ́, kò sí ohun tí yóò tẹ̀ wọ́n. Oje náà yóò kún, yóò ki, yóò dí ẹnu àpò. Ara á máa yún ajá, á sì máa wọ́ ìdí nílẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè di eéwo, kí ó sì tú.

Ajá ìyá yìí, èbà tí a fi omi ọbẹ̀ rọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú epo àti ata, àti wàrà tí àwọn ọmọ mu kù. Ata, epo púpọ̀ àti wàrà máa ń ṣu ajá. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ rẹ̀ kò gan rí, tí àwọn àpò rẹ̀ kò sì tú.

Ohun tí dókítà ní kí ó ṣe kò le. Ẹ gbọ́ ọ:

Èkínní, ẹ yọ ọbẹ̀ aláta, epo púpọ̀ àti wàrà kúrò nínú oúnjẹ ajá. Ẹ má ṣe fi àlùbọ́sà tàbí áyù sí i rárá, nítorí wọ́n máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ má sì fún un ní eegun tí a ti sè. Ó máa ń fọ́ ṣónṣó, ó lè gún un nínú, ó sì lè mú kí ìgbẹ́ rẹ̀ le jù.

Èkejì, ẹ fi ohun tí ó ní fáíbà kún oúnjẹ rẹ̀, èyíinì ni apá oúnjẹ tí inú kì í lè dà tán. Ó máa ń fa omi tí ó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ mu, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ tóbi kí ó sì gan. Elégédé dára púpọ̀: ẹ bó o, ẹ kó hóró rẹ̀ kúrò, ẹ sè é láìfi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì gún un. Ẹ lè lo ànàmọ́ tàbí kárọ́ọ̀tì tí a sè bẹ́ẹ̀. Eérí, èyí tí ó ń ṣẹ́ kù nínú asẹ́ nígbà tí a bá sẹ́ ògì, náà ṣe é lò níwọ̀nba. Ẹ̀yin ìyá wa tí ń ta ògì ní ọjà Mile 1 àti Mile 3, ẹ má dà á nù tán.

Fún ajá ilé wa tí kò tóbi jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun ńlá kan elégédé nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wo ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣì rọ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un. Bí ìgbẹ́ bá pọ̀ jù tàbí tí inú rẹ̀ ń kùn, ẹ dín in kù. Ẹ má ṣe yí oúnjẹ padà lójijì. Ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 yí i, nítorí ìyípadà òjijì fúnra rẹ̀ ń ṣu ajá. Elégédé nìkan kò sì lè bọ́ ajá. Ẹran, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, tàbí ẹyin ni ó ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú omi mímọ́ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ajá sanra jù. Bí ẹ bá fọwọ́ ra ìhà rẹ̀ tí ẹ kò mọ egungun kankan, ó ti sanra jù nìyẹn. Àìsàn yìí sì wọ́pọ̀ lára ajá tí ó sanra.

Àwọn ajá kan wà tí ara wọn kò gba oúnjẹ kan, bíi ẹran màlúù, adìyẹ tàbí wàrà. Wọ́n á máa họ ara, wọ́n á máa lá ẹsẹ̀, ìdí wọn á sì tún máa yún wọn. Dókítà lè ní kí ẹ fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ní ẹran tí kò jẹ rí fún bí ọ̀sẹ̀ 8, láìfi ohun mìíràn kún un, kí a lè mọ èyí tí ń dà á láàmú.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi dáadáa: oúnjẹ kì í wo eéwo. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún, bí ẹ̀gbẹ́ ìdí ajá bá wú, bí ó bá ń ké nígbà tí ó ń yàgbẹ́, ẹ má ṣe fún un nílé, ẹ má sì fi omi gbígbóná àti àgúnmu dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ajá tí ara ń ro lè bu olówó rẹ̀ jẹ. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ níbẹ̀ bí kò bá tíì gbà á. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le ju ti dókítà àdúgbò lọ, yunifásítì tí a ti ń kọ́ni ní ìṣègùn ẹranko wà ní Umudike lẹ́bàá Umuahia, ọ̀kan sì wà ní Nsukka. Bí ajá bá ti dàgbà tí kókó kan sì le níbẹ̀, ẹ má fi falẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ máa ń yọ nínú àwọn àpò yìí nígbà mìíràn.

Aràn náà lè mú ajá wọ́ ìdí nílẹ̀ lóòótọ́, n kò sọ pé kí ẹ má lo oògùn rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ bá ti lò ó tí kò tán, ẹ wo àwo oúnjẹ ajá kí ẹ tó tún ra òmíràn.

Ajá dúdú ti àgbàlá wa ṣì wà. Ó ti ju oṣù mẹ́fà lọ tí ó ti ń jẹ elégédé, kò sì tún wọ́ ìdí nílẹ̀ mọ́. Ní òru kan láìpẹ́ yìí ó gbó, a sì jí bá ẹnìkan lórí ògiri wa, tí ó fò sálọ. Àwọn tí ń kùn nípa òórùn ni wọ́n kọ́kọ́ ju ẹran sí i láàárọ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ wo àwo ajá yín lónìí.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé wa níhìn-ín àti ní ilé.