Ìwé Ìwáṣẹ́ Àgbàbọ̀ Kò Yẹ Wá

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa ọmọ yunifásítì, mo sì fẹ́ dá sí i; bí ó bá bí ẹnikẹ́ni nínú, kí ó fara dà á. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé bí ènìyàn bá tún ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní CV, kọ nítorí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀tàn ni ó ń ṣe. Wọ́n ní olóòótọ́ a máa kọ ìwé kan, a sì máa fi ìwé kan náà ránṣẹ́ síbi gbogbo. Èmi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ kò ṣe òótọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ó kàn ya ọ̀lẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: aránṣọ wo ni í fi ìwọ̀n kan ṣoṣo dá agbádá fún bàbá àti ọmọ? Inú ìgàn kan náà ni a ti gé aṣọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni a ń wọ̀n. Ohun tí o ti ṣe láyé ni aṣọ. Iṣẹ́ tí o ń wá ni ara tí a ó wọ̀n. Èyí kì í sì í ṣe ọgbọ́n tí ó dé láàná. Ní nǹkan bí ọdún 1482, Leonardo da Vinci, tí ayé mọ̀ sí ayàwòrán, kọ ìwé láti fi béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ Ludovico Sforza tí ń ṣe àkóso ìlú Milan ní Ítálì. Ọ̀rọ̀ ogun ni ó wà lọ́kàn Ludovico. Nítorí náà, afárá fúyẹ́ tí ọmọ-ogun lè gbé kiri, àgbá, àti ọkọ̀ ogun tí ọ̀tá kò lè wọ̀ ni Leonardo kọ́kọ́ kà sílẹ̀. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni ó tó sọ pé òun mọ àwòrán yà. Kò sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ wá wo àwọn ilé-iṣẹ́ titun tí à ń pè ní startup, irú èyí tí ó pọ̀ ní Yábàá, ní Èkó. Ẹ má fojú kékeré wò wọ́n. Ọdún 2015 ni Paystack, tí ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2020, Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní iye tí ó ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ènìyàn mélòó kan ní í wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣírò owó lè jẹ́ ẹni kan náà tí ń dá oníbàárà tí inú ń bí lóhùn. Kí ni wọn yóò fi ẹ̀sìn rẹ, ìpínlẹ̀ tí a ti bí ọ, àti orúkọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ ṣe? Ìwé tí a dá fún ọ́fíìsì ìjọba nìyẹn. Ìbéèrè tiwọn kò ju ọ̀kan lọ: kí ni o ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe tí ó dúró?

Mo máa ń bá ilé-iṣẹ́ kékeré kan ka irú ìwé wọ̀nyí, ohun tí mo sì ń rí ń dùn mí. Ọmọbìnrin kan wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwé owó orí fóònù fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ó kọ ọ́ pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun, bí gbogbo àwọn yòókù ti kọ ọ́. Ìgbà tí a bi í léèrè ni a tó gbọ́ pé ọdún mẹ́rin ni ó fi ń ṣe ìwé gbèsè àti ìwé ọjà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní títún ìwé kọ jẹ́ irọ́, ẹ dá mi lóhùn: èwo ni ó sún mọ́ òótọ́ jù, ìwé tí ó fi ṣọ́ọ̀bù náà pamọ́ ni, tàbí èyí tí ìbá gbé e sí òkè? Mélòó nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí ni ó ti gba owó ẹgbẹ́ tí kọ́bọ̀ kan kò sọnù, tí ó ti ta ìwé ìròyìn wa kiri yàrá dé yàrá, tí kò sì ní kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan sọ fún un pé èyí kì í ṣe iṣẹ́?

Bí ẹ bá ń wá òpùrọ́, èmi yóò fi hàn yín. Òun ni ẹni tí ó ra CV tí a ti kọ sílẹ̀, tí ó kàn pààrọ̀ orúkọ. Òun ni ẹni tí ó da gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìkéde iṣẹ́ sínú ìwé rẹ̀, nítorí ó gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ ṣà á. Kọ̀ǹpútà lè jẹ́ kí ó kọjá, ènìyàn ńkọ́? Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, irọ́ lè rí igun sá sí. Láàárín ènìyàn mẹ́jọ, kò sí igun.

N kò sì dá àwọn agbanisíṣẹ́ láre. Ẹni tí ó ń béèrè ìrírí ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀, òun gan-an ni olùkọ́ irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ olùkọ́ kò ní kí ọmọ má mọ ohun tí ó tọ́.

Nítorí náà, ẹ ka ìkéde iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, kí ẹ mọ ibi tí ó ti ń dun oníbàárà wọn. Èyí tí ẹ ti ṣe tí ó bá a mu, ẹ gbé e síwájú, kí ẹ sì fi iye sí i: oníbàárà mélòó, owó èló, oṣù mélòó. Ohun tí ẹ kò bá lè dúró tì lójú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, ẹ pa á rẹ́. Ẹ dá aṣọ náà bí ara ti rí, ṣùgbọ́n kí aṣọ jẹ́ tiyín.